Ìwọ dà nínú fótò yìí?

Fótò àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi láti etí òkun Írẹ́lándì, wákàtí méjì gbáko ni mo fi dúró nínú atẹ́gùn kí n tó rí i yà bí mo ṣe fẹ́. Màámi wò ó lórí fóònù, wọ́n ní, "Ó dáa o. Ṣùgbọ́n ìwọ dà níbẹ̀?" Mo ní èmi kọ́ ni mo yà, òkun ni. Wọ́n ní, "Ṣé òkun ni mo bí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó tó ọdún mẹ́ta, owó tó lé ní yúrò 2,000 sì ti bá a lọ, kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè Màámi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Mo mọ àwọn ará wa mélòó kan níbí tí wọ́n ti ra kámẹ́rà, tí wọ́n ń sọ pé àwọn náà fẹ́ máa ta fótò ilẹ̀ àti òkun tí ènìyàn ń gbé kọ́ ògiri pálọ̀. Tiwọn ni mo rò tí mo fi ń kọ èyí.

Nọ́ọ̀sì ni mí. 2017 ni mo dé Ennis, ní Clare, lápá ìwọ̀-oòrùn Írẹ́lándì. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ òru ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí mo bá jáde láàárọ̀, oorun kì í kùn mí, ni mo bá sọ ọ́ di àṣà láti máa wa mọ́tò lọ sí Cliffs of Moher, tí kò tó wákàtí kan sí wa. Ògiri àpáta ni, ó dìde ṣánṣán láti inú òkun, ó ga tó mítà 214 níbi tó ga jù, nítòsí ilé ìṣọ́ O'Brien tí wọ́n kọ́ ní 1835. Àwọn ẹyẹ òkun ń fò nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ, o ń wo ẹ̀yìn wọn látòkè. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ẹsẹ̀ mi gbọ̀n, mo jókòó sórí koríko bí ọmọdé.

Mo ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan. N kò mọ̀ ju kí n tẹ bọ́tìnnì lọ. Ní Ìkìrun tí mo ti dàgbà, ènìyàn ni fótò. Onífótò á ta aṣọ tí wọ́n ya ọkọ̀ òfuurufú sí sẹ́yìn rẹ, á ní kí o gbọ́wọ́ lé orí àga, kí o má ṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tí í sanwó kí wọ́n ya òkè tàbí odò. Ta ni yóò gbé e kọ́, nítorí kí ni? Mo rò pé òyìnbó yàtọ̀ sí wa lórí èyí. Àṣìṣe nìyẹn, n óò sì padà sórí rẹ̀.

Kí n tó gbàgbé: ẹ wo ìwé ìgbélùú yín dáadáa kí ẹ tó ta ohunkóhun. Stamp 1 tí mo fi wọlé, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún mi ní ìwé nìkan ló fàyè gbà, kò fàyè gba kéèyàn tún dá òwò ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó di ìgbà tí mo gba Stamp 4, èyí tó fàyè gba òwò ara ẹni, kí n tó lè pàtẹ. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, dídúró yẹn nìkan ni n kò kábàámọ̀.

Ní ìparí 2021 ni mo gbé fótò Moher kan sórí WhatsApp. Oòrùn ń wọ̀, ojú ọ̀run pọ́n bí epo, ilé ìṣọ́ náà dúró lápá ọ̀tún pátápátá bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà. Àwọn ènìyàn yìn ín dé ibi tí orí mi wú. Ẹnìkan ní, "Ẹ̀yin ẹ máa tà á!" Mo gbé bírò, mo ṣírò: fótò 50, yúrò 60 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, yúrò 3,000. Kí n tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ti ná owó náà tán lọ́kàn mi.

Mo fi fótò náà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n tẹ ẹ́ sórí bébà A2, tó fẹ̀ tó bébà A4 mẹ́rin, lọ́nà 50. Yúrò 1,100 ni. N kò ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan fún mi wò.

Nígbà tí mo tú páálí náà, mo rò pé wọ́n gbé ẹrù ẹlòmíràn fún mi. Fótò náà ṣú bí ìdí ìkòkò. Gbogbo ìlà tó wà lára àpáta ti wọnú òkùnkùn lọ. Ilé ìṣọ́ tí mo fi ń ṣe fáàrí, ìdajì rẹ̀ ti gé dànù, èyí tó kù dà bí eyín tó kán. Mo kọ lẹ́tà ìbínú sí wọn. Wọ́n fèsì jẹ́jẹ́ pé ohun tí mo fi ránṣẹ́ gan-an ni àwọn tẹ̀.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Òru ni mo máa ń tún fótò ṣe lórí kọ̀ǹpútà, nínú yàrá tí mo ti pa iná rẹ̀, tí mo sì ti tan ojú kọ̀ǹpútà dé góńgó. Ohun tó bá ń tan iná láti inú ara rẹ̀ á máa mọ́lẹ̀ lójú rẹ. Ìwọ á máa dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù títí yóò fi tẹ́ ọ lọ́rùn, o kò sì ní mọ̀ pé fótò gan-an lo ń sọ di dúdú. Bébà kò ní gílóòbù nínú, iná yàrá tó bá bá lé e ló ń lò.

Ti ilé ìṣọ́ tó gé, ìṣirò ni. Fótò tí kámẹ́rà mi ń yà jẹ́ 6000 ní òró, 4000 ní ìbú. Bébà A2 kò gùn tó bẹ́ẹ̀ bí a bá fi ìbú rẹ̀ wé òró rẹ̀. Kí fótò náà tó lè kún un, a gbọ́dọ̀ gé òró kúrò. Ẹ̀rọ ló gé e, ẹ̀rọ kò sì mọ̀ pé ilé ìṣọ́ ni mo fẹ́ràn níbẹ̀. Ẹ yan ìwọ̀n bébà àti férémù kí ẹ tó jáde nílé, kí ẹ sì máa fi àyè sílẹ̀ létí fótò nígbà tí ẹ bá ń yà á.

Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, mo ti mú bírò, mo ti kọ 1/50, 2/50, dé 5/50 sójú wọn pẹ̀lú orúkọ mi, torí mo ti rí i pé báyìí ni àwọn ayàwòrán ńlá ń ṣe. Wọ́n ń ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n pẹ́ńsùlù ni, létí bébà níbi funfun ìsàlẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ bá ti tẹ́ wọn lọ́rùn. Nọ́ńbà yẹn, àdéhùn ni pẹ̀lú ẹni tó ń rà á, pé o kò ní tẹ̀ ju iye yẹn lọ. Èmi ti ṣe àdéhùn lórí ìdọ̀tí.

Mo ti páálí náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó mi bi mí pé kí ló wà nínú rẹ̀. Mo ní ìwé ibi iṣẹ́ ni. Oṣù mẹ́rin ni irọ́ yẹn fi wà láàárín wa, ó sì wúwo lára mi ju owó náà lọ. Nígbà tó wá fúnra rẹ̀ tú u wò, kò pariwo. Ó kàn gbé ẹyọ kan síwájú wíńdò, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Ṣé òru ni o yà á ni?"

Òun ló ní kí n lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo rí bàbá kan ní Galway tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ fótò fáwọn ayàwòrán. Ó ní kí n máa pe òun lórúkọ. Ọmọ Yorùbá tí bàbá tó ju bàbá rẹ̀ lọ ní kó máa pe òun lórúkọ ló lè mọ ìyà tó jẹ ẹnu mi lọ́jọ́ náà. "Sà" ni mo pè é títí, ó sì fi mí sílẹ̀ nígbà tó yá.

Kò kọ́ mi bí a ṣe ń ya fótò. Ó gbé fótò mi, ó yan ibi tó dúdú jù àti ibi tó funfun jù, ó tẹ méjèèjì sórí bébà pẹlẹbẹ kan tí kò fẹ̀ ju ọwọ́ lọ. Ó ní kí n wò ó létí wíńdò. Ó dàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí n mú un lọ sílé, kí n wò ó lábẹ́ gílóòbù pálọ̀ lálẹ́, torí lálẹ́ ni àwọn tó bá rà á yóò máa jókòó síwájú rẹ̀. Kò ju yúrò mélòó kan lọ. Bí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, yúrò 1,100 mi ì bá wà lápò.

Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé oríṣi ínkì méjì ló wà. Ọ̀kan ń yọ́ bí aró, ó máa ń dán gan-an, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ń lù ú lójoojúmọ́, á ṣá bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Èkejì, lẹ́búlẹ́bú ni, ó máa ń pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni bébà. Èyí tó ń dán máa ń gbé wíńdò àti gílóòbù sójú fótò, o ò ní rí òkun, ojú ara rẹ ni wàá máa rí. Bébà òwú tí kì í dán, tó nípọn débi pé mítà kan níbùú lóròó rẹ̀ wọn gíráàmù 308, òun ni mo ń lò báyìí fún àpáta àti ìkùukùu. Ṣùgbọ́n dúdú orí rẹ̀ kì í dúdú tó ti bébà dídán. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ tó bá mọṣẹ́ á fún ọ ní fáìlì kékeré kan tó máa fi hàn lórí kọ̀ǹpútà bí fótò yóò ṣe rí lórí bébà tiwọn. Ẹ béèrè rẹ̀. Bí wọn kò bá ní in, ẹ wá ọ̀nà míràn.

Ibi tí ó kù díẹ̀ kí n bá òkun lọ ló kàn.

Kilkee wà létí òkun ní Clare. Níbẹ̀ ni Pollock Holes wà: àwọn ihò omi ńlá nínú àpáta, tó máa ń yọ síta bí òkun bá fà, tó sì máa ń rì bí òkun bá kún. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra gíláàsì dúdú tí wọ́n ń fi síwájú lẹ́ǹsì. Ó máa ń dín ìmọ́lẹ̀ kù ní nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, débi pé fótò tí kò bá gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan tí a pín sọ́nà ọgbọ̀n lọ, á wá gba bí ìṣẹ́jú àáyá ọgbọ̀n. Ìgbì á wá dà bí èéfín. Ó máa ń lẹ́wà. Àbùkù rẹ̀ ni pé ní gbogbo àkókò yẹn, kámẹ́rà lo ń wò.

Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ṣùgbọ́n òkun kò hó lọ́jọ́ náà. Ó ń bọ̀ ní jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn mi, torí ibi tí mo gbà wọlé rẹlẹ̀ ju ibi tí mo dúró sí lọ. Obìnrin kan tó mú ajá rẹ̀ jáde ló pariwo sí mi láti òkè. Nígbà tí mo yíjú, omi ti bo ọ̀nà. Mo gbé kámẹ́rà lérí, mo rìn kọjá nínú omi tó dé ìbàdí mi, tó tutù débi pé n kò lè mí. Àpò mi tó wà nílẹ̀, gíláàsì méjì àti bátìrì wà nínú rẹ̀, ìgbì ti gbé e lọ. Mo jókòó sínú mọ́tò, eyín mi ń lu ara wọn, mo sì ń ro ohun tí wọn ì bá wí fún Màámi. Pé kí ni mò ń wá níbẹ̀?

Ohun tí mo ń ṣe báyìí: mo máa ń wo àtẹ àkókò òkun kí n tó wo ti ojú ọjọ́. Òkun ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fà lẹ́ẹ̀mejì, lójúmọ́, ó sì máa ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ ju ti àná lọ, nítorí náà àkókò tó dára lọ́jọ́ Ajé lè pa ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìgbà tí òkun bá ṣì ń fà ni mo máa ń wọlé, kì í ṣe ìgbà tó bá ti fà tán. Mo máa ń sọ fún ìyàwó mi aago tí n óò fi padà. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì níbí ni 112 tàbí 999, ẹ ní Coast Guard lẹ fẹ́, àwọn tó ń yọ ènìyàn nínú ewu òkun. Bí ẹ bá sì délé, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ ẹsẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ń gbé kámẹ́rà lé. Èmi kò fọ tèmi, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ìpáàrà ti dì í pa.

Ọ̀ràn kan wà tí àwọn òyìnbó tó ń kọ nípa fótò kì í mẹ́nu bà, torí kò kàn wọ́n. Gbogbo wọn ló máa ń ní kí o lọ sí Giant's Causeway, níbi tí òkúta bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ti tò bí òpó létí òkun. Èmi náà ti sanwó bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ìsìn ni arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Bùrọ̀dá, ẹ má ṣe é o. Àríwá nìyẹn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ni ín." Òótọ́ ni. Ìwé ìgbélùú Írẹ́lándì kò gbé ọmọ Nàìjíríà débẹ̀, físà Gẹ̀ẹ́sì ni yóò gbà. Kò sí géètì lójú ọ̀nà, èyí ló ń tan ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dá bọ́ọ̀sì dúró yẹ̀ ẹ́ wò nígbà míì. Owó bọ́ọ̀sì ṣègbé, ìwé mi kò ṣègbé.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú máàpù fóònù. Donegal wà nínú Írẹ́lándì tiwa, àmọ́ bí o bá ní kí fóònù mú ọ láti Dublin lọ sí Letterkenny tó wà níbẹ̀, àárín Àríwá ló máa gbé ọ gbà, torí ibẹ̀ ló yá jù. Láti Ennis, mo gba Galway àti Sligo. Ibi tí mo lọ dípò Causeway ni Sliabh Liag ní Donegal, òkè tó ga tó mítà 601 lórí òkun, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Moher mẹ́ta. Òjò lé mi wọ mọ́tò lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́jọ́ náà. Ní ẹ̀ẹ̀keje, ìkùukùu là bí aṣọ, ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo sì bọ́ sára òkè. Kò ju bí ìṣẹ́jú méjì lọ. Nínú gbogbo fótò mi, òun ni mo fẹ́ràn jù, n kò tíì tà ju ẹyọ kan lọ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ títà ló kù. Mo gba ìwé àṣẹ ìpàtẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, mo gbé Moher, Sliabh Liag àti àwọn gbajúmọ̀ yòókù kọ́ sí ìsọ̀ lọ́jà ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn ènìyàn dúró, wọ́n wò, wọ́n ní "Lovely!", wọ́n lọ. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé "lovely" yìí, "ẹ kú ọjà" ni. Wọ́n ń kí mi ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé ẹrù lọ tí mo gbé e padà.

Mo wá ń wò wọ́n bí mo ṣe ń wo aláìsàn tí kò lè sọ ohun tó ń dùn ún. Àwọn tó ń wo Moher, àjèjì ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ti ya tiwọn sórí fóònù, bébà A2 kò sì wọnú àpótí ẹrù ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn ọmọ ìlú, bí wọ́n bá rí Moher, wọ́n á kọjá bí ẹni tó rí Bower's Tower n'Íbàdàn. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọn ò ní gbé e kọ́ pálọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo ní àyè kékeré kan tó ṣófo, mo fi fótò Pollock Holes dí i. Mo ti padà síbẹ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá mi, láìlo gíláàsì dúdú, kí ẹ̀rù lè kúrò lára mi. Kò sí ohun àrà nínú rẹ̀: àpáta, omi tó dúró jẹ́ẹ́, àárọ̀.

Ìyá kan láti Limerick dúró síwájú rẹ̀. Kò sọ "lovely". Ó dákẹ́ títí tí mo fi rò pé nǹkan ń ṣe é. Ó wá fi ìka tọ́ ibì kan létí ihò omi náà, ó ní ibẹ̀ ni bàbá òun máa ń dúró sí, níbẹ̀ ló ti kọ́ òun láti wẹ̀ lódò nígbà tí òun kéré. Mo wo ibi tó tọ́ka sí. Àpáta lásán ni mo rí. Ó ra á, kò béèrè iye tó jẹ́ kó tó ní kí n di í. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn àbúrò rẹ̀ ra mẹ́ta. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé Kilkee ni àwọn ará Limerick ti máa ń lọ lo ìsinmi láti ayé àwọn bàbá ńlá wọn.

Láti ìgbà náà, mo máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú: etí òkun wo lẹ dàgbà sí? Wọ́n á sọ ibi tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, èbúté kékeré kan, ògiri kan tí wọ́n ti ń pẹja. Ibẹ̀ ni mò ń lọ. Méjì tàbí mẹ́ta ni mo ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, n kì í tẹ̀ sí i àfi tí ẹnìkan bá béèrè.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù: ẹ má fi férémù tó ní gíláàsì ránṣẹ́ lọ sókè òkun. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí Boston dé bí iyọ̀, ó sì ya ojú bébà. Inú páìpù páálí ni mo ń ká fótò sí báyìí, kí ẹni tó rà á ṣe férémù lọ́hùn-ún. Bó bá jẹ́ London ni, fọ́ọ̀mù kọ́sítọ̀ọ̀mù wà láti January 2021. Ẹ má jẹ́ kí bébà fara kan gíláàsì nínú férémù, ọ̀rinrin á lẹ̀ wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá ń ṣírò owó, ẹ ka epo mọ́tò mọ́ ọn. Èmi kò kà á fún ọdún kan gbáko.

Ìyá Limerick tún pè mí lóṣù tó kọjá. Ó fẹ́ òmíràn fún ọmọ rẹ̀ ní Ọsirélíà, ibẹ̀ náà, àmọ́ nígbà tí òkun bá fà dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kò sì gbọdọ̀ sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo bá bàbá arúgbó kan nínú omi, tó ń wẹ̀ bí ẹni pé òtútù kò kàn án, tó sì ń juwọ́ sí mi. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo kúkú yà á bẹ́ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Màámi.

Kò pé ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi pè. "Ẹ̀n-ẹ́n! Fótò nìyẹn. Ta ni bàbá yẹn, kí ló sì dé tí wọn ò wọ ẹ̀wù?"